Ogún Ìṣẹ́jú Péré: Bí Físíò àti Aláìsàn Ṣe Lè Lò Ó Kí Ó Má Ṣòfò

Ọ̀rọ̀ àkókò ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tí ń tajà mọ̀ pé owó tí ó bọ́ sọnù lè padà di rírí, bí ẹrù bá sì bàjẹ́, a lè ra òmíràn rọ́pò rẹ̀; ṣùgbọ́n wákàtí tí ó bá ti kọjá, kò sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á. Àwa olùkọ́ náà mọ̀ ọ́n. Bí agogo bá ti lù, ẹ̀kọ́ tí a kò parí di ti ọ̀la, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀la ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ tí ń dúró dè é. Ibì kan wà tí àkókò ti ṣọ̀wọ́n ju ti ọjà àti ti kíláàsì lọ. Ibẹ̀ ni yàrá àwọn oníṣègùn tí a ń pè ní físíò.

Obìnrin kan tí mo kọ́ ní ìwé nígbà tí ó wà ní kékeré ti di físíò báyìí ní ilé ìwòsàn ìjọba kan. Ó kọ̀wé sí mi lóṣù tí ó kọjá. Ó ní: "Sà, aláìsàn 18 ni mo ń rí lójúmọ́, ìṣẹ́jú 20 ni wọ́n sì là sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí a tó wá káàdì rí, kí màmá tó tú ìró, kí wọ́n tó sọ bí wọ́n ti ṣubú, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ kọjá sí ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ wọn, ìṣẹ́jú 12 ti lọ. Ìkánjú ni mo fi ń ṣe ìyókù."

Ó wá sọ ìtàn ìyá alákàrà kan fún mi. Ìyá yìí ṣubú, eegun ìgbúnwọ́ rẹ̀ sì dá. Nígbà tí wọ́n tú P.O.P. tí wọ́n fi dì í, wọ́n ní kí ó máa lọ sọ́dọ̀ físíò. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó lọ. Ní ìgbà kejì, bí àkókò ti ń tán lọ, wọ́n já ìwé kan fún un tí wọ́n ya ìdárayá 6 sí, gbogbo àlàyé abẹ́ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá kò mọ̀wé. Ó ká ìwé náà sínú àpò owó rẹ̀, ó sì jókòó sílé. Nígbà tí ó padà wá lẹ́yìn oṣù 5, ìgbúnwọ́ náà ti gan: kò ṣe é nà tán, kò sì ká dé ẹnu. Ọwọ́ tí ó fi ń po ẹ̀wà lílọ̀ ni. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó yẹ kí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́, ni ó ń jókòó ti agbada báyìí.

Ẹ wo ohun tí ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a kò lò dáadáa lè gbà lọ́wọ́ odidi ìdílé! Ìbéèrè ọmọ mi yìí ni pé, báwo ni òun ṣe lè fi ìṣẹ́jú 20 ṣe iṣẹ́ tí yóò bá aláìsàn dé ilé?

Èmi kì í ṣe físíò, tíṣà ni mí. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún 14 tí mo ti ń fi ìṣẹ́jú 40 kọ́ àwọn ọmọ tí ó kún kíláàsì bámúbámú, mo sì ti rí i pé ọgbọ́n tí a fi ń há àkókò kò yàtọ̀ púpọ̀ láti iṣẹ́ kan sí òmíràn. Mo ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa ọ̀rọ̀ náà, mo sì bá àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí jíròrò. Nítorí náà ni mo ṣe ń dá a lóhùn ní gbangba, kí ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ aláìsàn lónìí, tàbí tí ẹ lè mú aláìsàn lọ lọ́la, lè rí tiyín mú níbẹ̀.

Àwọn wo ni físíò?

Fún ẹni tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ní ṣókí. Iṣẹ́ abẹ kọ́ ni iṣẹ́ físíò, kì í sì í ṣe ẹni tí ń kó oògùn oníhóró fún ni. Iṣan, eegun, oríkèé àti èémí ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Òun ni ń kọ́ ẹni tí àrùn rọpá-rọsẹ̀ mú láti tún rìn. Òun ni ń tọ́jú ọmọ tuntun tí apá rẹ̀ rọ nígbà ìbí. Òun ni ń bá ni tú oríkèé tí ó gan lẹ́yìn tí eegun bá ti so, òun náà ni ọlọ́jà tí ẹ̀yìn ń dùn àti tíṣà tí èjìká ń ro ń sá tọ̀ lọ. Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ilé ìwòsàn eegun tí ó wà ní Igbóbì, ní ìlú Èkó, ti wà láti ọdún 1945. Àwọn físíò orílẹ̀-èdè yìí dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ ní 1959, Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní iṣẹ́ náà ní 1966.

Ohun tí ó mú iṣẹ́ wọn yàtọ̀ ni pé apá tí ó pọ̀ jù nínú ìwòsàn náà kì í ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn rárá. Aláìsàn tí ó ń rí físíò fún ìṣẹ́jú 20 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní wákàtí 167 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ tí ó kù nínú ọ̀sẹ̀ náà tí yóò lò láìsí físíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú 20 náà kò bá kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe nílé, òfo ni. Iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ físíò, ọmọ mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ni ìwé tí o ń kà.

Kí aláìsàn tó wọlé

Olùkọ́ tí ó bá dúró di ìgbà tí ó dé iwájú kíláàsì kí ó tó ro ohun tí yóò kọ́ wọn ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀kọ́ náà. Bákan náà ni físíò. Kí o tó pe orúkọ aláìsàn, ka káàdì rẹ̀ tán. Níbo ni ẹ dé ní ìjẹta? Kí ni o ní kí ó lọ ṣe? Kí ni o fẹ́ wò lónìí? Kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ káàdì ní gbogbo ìgbà tí o bá parí iṣẹ́: "Nígbà tí ó bá dé, kí a wo báyìí báyìí." Gbólóhùn kan yẹn ni ìwé ètò ẹ̀kọ́ rẹ.

Èkejì, jẹ́ kí ìmúra ṣẹlẹ̀ ní ìta. Ẹni tí a fẹ́ wo orúnkún rẹ̀ lè ti múra sílẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé nígbà tí o bá ń parí ti ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀. Irọ̀rí, bẹ́líìtì, àga àti òṣùwọ̀n, kí gbogbo wọn ti wà ní àyè wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ìṣẹ́jú 1 tí a fi ń wá òṣùwọ̀n ní ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún lójúmọ́ ti di ìṣẹ́jú 18, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ odidi aláìsàn kan.

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ pípe gbogbo ènìyàn ní aago méje òwúrọ̀. Èyí wọ́pọ̀, kò sì dára. Ẹni tí ó jókòó láti aago méje tí a kò sì rí i títí di aago méjìlá ti bínú kí ó tó wọlé, ìbínú náà yóò sì jẹ nínú ìṣẹ́jú 20 rẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí a dá wákàtí fún wọn ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́. Kí ẹni tí ń bọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní àkókò tí ó gùn ju ti ẹni tí ń padà bọ̀ lọ, nítorí pé ìtàn àkọ́kọ́ kì í kúrú. Kí a sì fi àlàfo ìṣẹ́jú díẹ̀ sílẹ̀ ní àárín òwúrọ̀ fún iṣẹ́ tí ó bá kọjá àkókò. Aṣọ tí a gé láìfi àyè sílẹ̀ fún ìrán kì í gba ọrùn wọ̀.

Nígbà tí ó bá ti jókòó

Àwọn kan yóò ní kí a gé ìkíni kúrò kí àkókò lè pọ̀. Rárá o! Láàárín wa, ẹni tí kò kí àgbà kò rí ọ̀nà dé inú rẹ̀. Kúnlẹ̀ bí o ti máa ń kúnlẹ̀, kí wọn tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n kí ìkíni náà mú iṣẹ́ lọ́wọ́: "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn. Ìṣẹ́jú 20 ni a jọ ní lónìí o. Kí ni ohun kan tí ẹ fẹ́ kí a mójú tó jù lọ?" Nígbà tí o bá ti sọ iye àkókò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ pé o lé òun jáde.

Lẹ́yìn ìbéèrè yẹn, pa ẹnu mọ́. Ẹ̀rù ń ba ọ̀pọ̀ oníṣègùn pé bí àwọn bá jẹ́ kí aláìsàn sọ̀rọ̀, ilẹ̀ yóò ṣú. Ìdánwò ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2002, àwọn dókítà kan ní ìlú Basel, ní orílẹ̀-èdè Switzerland, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n jẹ́ kí aláìsàn 335 sọ ọ̀rọ̀ wọn láìjá a mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n sì ń fi aago wọ̀n ọ́n láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni ó gba wọn ní ìpíndọ́gba, àwọn 78 nínú 100 ni ó sì ti parí kí ó tó pé ìṣẹ́jú 2. Ẹni tí a kò jẹ́ kí ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ni í dúró sí ẹnu ọ̀nà nígbà tí àkókò ti tán, tí ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ó ku ọ̀rọ̀ kan o." Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì máa ń jẹ́ èyí tí ó gbé e wá.

Bí wọ́n bá wá kọjá sí ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ wọn ńkọ́? Má ṣe já wọn kulẹ̀. Fi ọ̀wọ̀ fà wọ́n padà: "Ọlọ́run yóò bá wa dá sí i, mà. Orúnkún yìí wá ńkọ́, ṣé ó jẹ́ kí ẹ sùn lóru?" Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí.

Àwọn ìbéèrè kan wà tí a kò gbọdọ̀ tìtorí ìkánjú fò. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, bi í bóyá ìtọ̀ rẹ̀ há tàbí ó ń yọ láìmọ̀, bóyá ìgbẹ́ rẹ̀ ń yọ láìmọ̀, bóyá abẹ́ rẹ̀ àti ibi tí ó fi ń jókòó kú tí kò mọ nǹkan lára, bóyá ẹsẹ̀ méjèèjì ń rọ sí i. Bi í bóyá ibà ń ṣe é, tàbí ó ń rù láìnídìí, tàbí ó ti ní àrùn jẹjẹrẹ rí. Ẹni tí ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ kan wú, tí ó gbóná tí ó sì ń dùn ún, kò yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ ra á. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni ó dì síbẹ̀. Gbogbo èyí, ọ̀dọ̀ dókítà ni wọ́n ń lọ lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú 2 ni àwọn ìbéèrè yìí ń gbà, ẹsẹ̀ ènìyàn tàbí ẹ̀mí rẹ̀ ni wọ́n sì lè gbà là.

Ohun kan ni kí o wọ̀n, ohun kan ni kí o kọ́

Ọlọ́jà tí kò ka owó rẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá ó jèrè. Mú òṣùwọ̀n kan fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí o sì máa lò ó ní gbogbo ìgbà tí ó bá wá. Fún èjìká, ibo ni ọwọ́ ga dé lára ògiri? Fún ìgbúnwọ́, ṣé ó ti ká dé àgbọ̀n, ṣé ó ti dé ẹnu? Fún ẹsẹ̀, ìdánwò kan wà tí àwọn físíò ń lò káàkiri: aláìsàn yóò jókòó sórí àga, yóò ká ọwọ́ lé àyà, yóò máa dìde yóò sì máa jókòó, a ó sì ka iye ìgbà tí ó lè ṣe é láàárín ìdajì ìṣẹ́jú. Kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì sọ ọ́ fún un. Bàbá tí ó dìde ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí ó wá dìde ní ẹ̀ẹ̀méje lónìí, kò ní ṣàì padà wá.

Nípa ìtọ́jú, àánú máa ń mú ni fẹ́ ṣe ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà: kí a gbé e sí iná, kí a fọwọ́ ra á, kí a nà án, kí a kọ́ ọ ní ìdárayá 6. Bí olùkọ́ tí ó kọ́ ìṣirò ìdá, ìwọ̀n àti èrè ní ọjọ́ kan ni èyí rí. Ọ̀la kò ní bá ọ̀kankan nínú wọn lórí ọmọ. Ní 1999, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà dán an wò pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà tí ó ti ju ọdún 65 lọ. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní ìdárayá 2, àwọn kan ní 5, àwọn kan ní 8. Àwọn ènìyàn tí wọ́n fi ṣe ìdánwò náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí a kọ́ ní 2 ṣe tiwọn bí ó ti yẹ ju àwọn tí a kọ́ ní 8 lọ. Nítorí náà, ọ̀kan tàbí méjì ti tó. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

So ìdárayá náà mọ́ iṣẹ́ ọjọ́ wọn. Má wí pé, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́," kí o sì dákẹ́. Wí pé, "Màmá, bí ẹ bá ti gbé epo kaná tí ẹ ń dúró kí ó gbóná, ẹ ká ọwọ́ yìí kí ẹ sì nà án ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá." Fún tíṣà, ìgbà tí àwọn ọmọ bá ń ṣe iṣẹ́ ìwé wọn. Fún ẹni tí ń kírun, ìgbà tí ó bá kírun tán. Fún ọlọ́jà, ìgbà tí ó bá ń ká aṣọ ìsọ̀. Ohun tí a so mọ́ ohun tí a kì í gbàgbé ni òun náà kì í di ìgbàgbé.

Nígbà tí o bá kọ́ ọ tán, má ṣe bi í pé, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo ọmọ kíláàsì mi ni í dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," títí di ọjọ́ ìdánwò. Wí pé, "Ẹ ṣe é kí n rí i, mà. Bí ẹ bá délé, báwo ni ẹ ó ṣe sọ ọ́ fún ọmọ yín?" Ìdí rẹ̀ rèé. Onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Netherlands kó àwọn ìwádìí jọ ní 2003, ó sì fi hàn pé láti 40 dé 80 nínú 100 ọ̀rọ̀ tí oníṣègùn bá sọ ni aláìsàn ń gbàgbé lójú ẹsẹ̀. Nínú èyí tí ó bá sì rántí, bí ìdajì ni kì í rántí bí a ti sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ fún ìyá alákàrà pé, "Ẹ ṣe é kí n rí i," àṣírí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ì bá ti tú ní ìṣẹ́jú kan. Bí ìwé yóò bá wà, kí ó jẹ́ àwòrán tí ó tóbi, kí àlàyé rẹ̀ sì jẹ́ èdè tí wọ́n ń sọ nínú ilé wọn.

Ọmọ mi, bí mo bá ní kí n pín ìṣẹ́jú 20 rẹ fún ọ bí a ti ń pín ẹ̀kọ́, báyìí ni n ó ṣe pín in: ìṣẹ́jú 2 fún ìkíni àti ọ̀rọ̀ aláìsàn, 3 fún ìbéèrè ewu àti bí ọ̀sẹ̀ ti rí, 3 fún òṣùwọ̀n, 8 fún ìtọ́jú àti ìdárayá, 3 kí ó ṣe é padà kí o rí i, 1 fún káàdì àti ọjọ́ tí yóò tún wá. Má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun jẹ nínú ìṣẹ́jú 3 tí a fi ń ṣe é padà yẹn, nítorí òun ni yóò tẹ̀lé e délé. Nígbà tí o bá sì ń dá ọjọ́, bèèrè ọjọ́ ọjà rẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ilé ìwòsàn ni yóò sọ nù.

Ìgbà kan wà tí o gbọ́dọ̀ ju ètò yìí sẹ́yìn. Bí ìdáhùn sí ìbéèrè ewu bá jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni", tàbí bí àgbàlagbà bá bú sẹ́kún níwájú rẹ pé ọkọ òun kú lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, fi orúnkún sílẹ̀. Ìdí tí a fi ń ṣọ́ ìṣẹ́jú ní ọjọ́ mìíràn nìyẹn, kí a lè rí i fún ẹni tí ó nílò rẹ̀ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kan tún wà. Bí àwọn mẹ́fà bá wà tí orúnkún ń dùn bákan náà, kí ló dé tí o fi ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹfà? Lẹ́yìn tí o bá ti yẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan wò, kó wọn jọ fún wákàtí kan. Ní ilẹ̀ Denmark, láti 2013 ni wọ́n ti ní irú ètò bẹ́ẹ̀ fún orúnkún àti ìgbáròkó, níbi tí àwọn aláìsàn ti ń gba ẹ̀kọ́ tí wọ́n sì ń ṣe ìdárayá pọ̀ lábẹ́ ojú físíò. Àwa tí a mọ ẹgbẹ́ ṣe tó báyìí, tí a ń dá èésú pọ̀, tí a ń ra aṣọ ẹbí pọ̀, èyí kò yẹ kí ó ṣòro fún wa.

Ẹ̀yin aláìsàn, ó kàn yín

Ẹ má rò pé físíò nìkan ni mo ń bá wí. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú káàdì yín, àwòrán ẹ́síréè yín àti oògùn tí ẹ ń lò lọ́wọ́. Ẹ wọ aṣọ tí kò ní pẹ́ bọ́. Bí ó bá jẹ́ orúnkún, kí ẹ ti wọ ṣòkòtò kúkúrú sábẹ́ ìró. Ẹ pa fóònù yín. Ẹ má kó ẹbí mẹ́rin dání. Ẹnì kan tí yóò ràn yín lọ́wọ́ nílé ni kí ẹ mú wọlé, kí òun náà lè wo bí a ti ń ṣe é.

Ẹ ti inú ọkọ̀ ro ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Èyí tí ó dùn yín jù ni kí ẹ kọ́ sọ, ẹ má fi pamọ́ di ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá ti lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eegun, tàbí ẹnì kan ti fi òróró fà á fún yín, ẹ sọ ọ́ láìtijú, nítorí pé ohun tí físíò kò mọ̀ lè mú kí ó ṣe yín léṣe. Bí ẹ kò bá ṣe ìdárayá tí a ní kí ẹ ṣe, ẹ wí bẹ́ẹ̀. Físíò kì í ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó mú pàṣán dání. Bí ẹ bá parọ́ pé ẹ ṣe é, yóò rò pé ìdárayá náà kò ṣiṣẹ́, yóò sì pa èyí tí ì bá wò yín tì.

Àwọn kan ń kùn pé, "Kò fún mi lóògùn, kò gbé mi sí ẹ̀rọ, ó kàn ní kí n máa dìde kí n máa jókòó. Ṣé torí èyí ni mo ṣe wọkọ̀?" Ẹ jọ̀wọ́, ìdárayá náà gan-an ni oògùn. Ẹ̀rọ lè mú ara tù yín fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n iṣan tí kò ṣiṣẹ́ kò lè ní agbára.

Kí ẹ tó dìde níbẹ̀, ẹ bèèrè ohun mẹ́ta: Kí ni ó ń ṣe mí? Kí ni n ó máa ṣe nílé? Àmì wo ni n ó rí tí n ó fi sáré padà wá? Bí ẹ kò bá sì ní lè wá ní ọjọ́ tí a dá, ẹ ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú 20 tí ẹ kò lò, ẹnì kan wà ní ìta tí ń wá a kiri.

Mo mọ̀ pé àwọn òǹkàwé mi kan yóò wí pé ìjọba ni kí ó gba físíò sí i, kí a yé fi ogún ìṣẹ́jú há ènìyàn mọ́ kọ̀rọ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó kọ́ iṣẹ́ yìí ń kọjá sí òkè òkun, iṣẹ́ àwọn tí ó kù sì ń pọ̀ sí i. Ó yẹ kí a pariwo rẹ̀, kí a sì máa pariwo rẹ̀ títí wọn yóò fi gbọ́. Ṣùgbọ́n aláìsàn tí yóò wọlé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la kò lè dúró dè ìgbà náà. Ìṣẹ́jú 20 ni a ní fún un. Bí físíò bá ti múra dè é, bí aláìsàn náà bá sì ti mọ ohun tí òun ń bá bọ̀, ó tó láti mú un rìn síwájú díẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ka èyí fún àwọn òbí ní ọjọ́ ìpàdé. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ó ń fi ọwọ́ di ìbàdí mú ní ìsọ̀ kejì. Kí Ọlọ́run fún wa ní ara líle. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.